Ìdí tí ìròyìn kì í fi í sọ bí ẹni tó pa ara rẹ̀ ṣe kú, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ dókítà láti kú ti yàtọ̀ sí i

Bí ilé iṣẹ́ rédíò kan n'Ìbàdàn bá ka ìròyìn pé ẹnì kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀, tí wọn ò dárúkọ rẹ̀, tí wọn ò sọ ohun tó lò, tí wọn ò sì sọ ìdí kan pàtó, àwọn olùgbọ́ kan á bínú. Wọ́n á ní wọ́n ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ oníròyìn ni kó sọ gbogbo ohun tó bá mọ̀? Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ olè, ìjàmbá ọkọ̀ tàbí owó ìlú tó sọnù ni, òótọ́ ni. Ti ìpara-ẹni yàtọ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣe é ṣàlàyé.

Ọkàn ẹni tó ń ro ikú sábà máa ń pín sí méjì. Apá kan fẹ́ lọ, apá kejì ń wá ohun tó máa dì mú. Èrò náà máa ń kún bí odò Ògùnpa nígbà òjò, ó sì tún máa ń fà. Bí ìròyìn bá bá a nígbà tí omi kún, tó wá ń ṣàpèjúwe ohun tí ẹlòmíràn lò, ibi tó ti rí i àti bó ṣe tètè ṣiṣẹ́ tó, ó ti fi ọ̀nà han apá tó fẹ́ lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ohun tó gbọ́ ni ti ẹnì kan tó wà nínú irú òkùnkùn yẹn, tó finú han ènìyàn, tó rí dókítà, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lónìí, apá tó fẹ́ dúró ló rí okun gbà.

Ìwádìí ti fi èyí hàn. Ní Vienna, olú ìlú Austria, ìpara-ẹni ní ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ gan-an láàárín ọdún 1984 sí 1987, àwọn ìwé ìròyìn sì ń gbé e jáde tariwo-tariwo. Ní 1987, àwọn onímọ̀ kọ ìlànà fún àwọn oníròyìn. Ìwé ìròyìn gbà á, ariwo dínkù, iye àwọn tó ń kú náà sì wálẹ̀ gan-an láàárín oṣù díẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ló ń ná ọ̀nà kan náà. Bí wọ́n ṣe ń ròyìn ló yí padà. Ní 2020, ìwádìí mìíràn kó iṣẹ́ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀, ó sì rí i pé lẹ́yìn ìròyìn gbajúmọ̀ tó pa ara rẹ̀, ìpara-ẹni láàárín ìlú máa ń fi bí ìdá 13 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín oṣù kan sí méjì. Níbi tí ìròyìn bá ti sọ ohun tí gbajúmọ̀ náà lò, ikú nípa ohun yẹn gan-an máa ń fi bí ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i. Láti 2000 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń tẹ ìlànà jáde fún àwọn oníròyìn, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Àjọ yìí kan náà ló ṣírò pé ó lé ní 720,000 ènìyàn tó ń kú báyìí lọ́dún kan, àti pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29, òun ló wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa wọ́n jù lágbàáyé.

Ohun tó wà nínú èdè wa fúnra rẹ̀

Nínú Yorùbá, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣe tó yá lẹ́nu jù fún ìpara-ẹni ló ti gbé ohun tí olóògbé lò pọ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá ti pe ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ ti sọ ọ̀nà. Nítorí náà, olóòtú ìròyìn Yorùbá ní iṣẹ́ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ka ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wọ́n lè fún un ní ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀ pé kó túmọ̀, kí ahọ́n rẹ̀ sì ti ọ̀nà bọ̀ ọ́ láìfura. "Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀" tàbí "ó pa ara rẹ̀" ti tó. "Ó dá ẹ̀mí ara rẹ̀ légbodò" kò sọ ọ̀nà ní tirẹ̀, àmọ́ ó ń fi ẹwà èdè ṣe ikú lọ́ṣọ̀ọ́. A ò rò pé ibi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ló yẹ ká ti máa dárà.

Ọ̀rọ̀ tó tún burú ju ìyẹn lọ ni "ìgbìyànjú rẹ̀ láti pa ara rẹ̀ já sí pàbó." Ohun tí ènìyàn ń retí tí kò bọ́ sí i là ń sọ pé ó já sí pàbó. Tí a bá wá lò ó fún ẹni tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, a ti fi yé e pé nǹkan kan ló pàdánù. Ẹ sọ pé ó yè, pé ó wà lábẹ́ ìtọ́jú.

Òwe kan náà tún wà tó yẹ kí ẹnu ìròyìn gbàgbé: "Ikú yá ju ẹ̀sín." A mọ ibi tó ti wá. Ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé kún fún ọba tí wọ́n ní kó ṣígbá wò, àti ológun tí kò lè padà wálé lẹ́yìn tí ogun ti ṣẹ́ ẹ. Àṣà ipò àti oyè nìyẹn, ó sì ti lọ pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Bí olóòtú bá wá fi òwe yìí ti ìròyìn ọmọ ilé ìwé tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tàbí ti ìyálọ́jà tó jẹ owó gbọ́mú-lé-láńtà, ṣe ló ń fọwọ́ àgbà sí i pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jẹ irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ rédíò kan náà.

Ìròyìn kan, a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì

Ká má bàa fi ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni ṣe àpẹẹrẹ, a fọwọ́ ara wa hun èyí. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí:

"Ìbànújẹ́ dorí àgbà kodò ládùúgbò kan lánàá, nígbà tí bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni ọdún 41, dá ẹ̀mí ara rẹ̀ légbodò nítorí gbèsè ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Ó lo… Ó fi lẹ́tà sílẹ̀ pé ó ti rẹ òun. Aládùúgbò kan tó ní ká forúkọ bo òun láṣìírí sọ pé olóògbé àti ìyàwó rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ síra wọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní akin ni, ó ti bọ́ nínú wàhálà báyìí."

Níbi tí a dá ọ̀rọ̀ dúró sí yẹn ni wọ́n ti máa ń kọ ohun tó lò. A fi í sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ pàdánù nínú ìròyìn náà.

Ẹ wo gbèsè. Gbólóhùn yẹn ti dá iye lé ẹ̀mí ènìyàn, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó jẹ owó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Bódìjà àti Gbági pé ibi tí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ń já sí nìyí. Ìpara-ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìdí kan ṣoṣo. Àárẹ̀ ọkàn tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú, ọtí, ìrora ara tí kò lọ, òfò, ìdáwà àti àǹfààní láti rí ohun tí ènìyàn lè fi pa ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń dì pọ̀ ni. Gbèsè lè wà níbẹ̀, òun nìkan kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti aládùúgbò. Èyí ló máa ń dùn wá jù. Gbólóhùn kan ṣoṣo látẹnu ẹni tí kò lórúkọ ti gbé ikú ọkọ lé opó lórí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹbí ọkọ lè fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lọ́jọ́ kẹjọ òkú: ilé, ilẹ̀ àti ọmọ lè tìdí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Oníròyìn á ti wà lórí ìròyìn mìíràn nígbà yẹn. Bákan náà ni ti aládùúgbò tó bá ní àsàsí ni, pé ayé ló ṣe é. Ẹnu lásán ni, kò sì yẹ kí a gbé e sórí afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ó jẹ́ ẹ̀rí.

Lẹ́tà tí olóògbé fi sílẹ̀ ti di ti ẹbí àti ti ìwádìí ọlọ́pàá. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. "Ó ti bọ́ nínú wàhálà" sì ń kọ́ ẹni tó wà nínú wàhálà pé ọ̀nà àbájáde nìyẹn.

Bí a ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ọlọ́pàá ní ó jọ pé ọkùnrin kan tó lé ní ẹni ogójì ọdún tó dolóògbé n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé ló gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ẹbí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣọ̀fọ̀ láìsí ariwo. Àwọn dókítà ọpọlọ ní èrò láti kú sábà máa ń wọlé pẹ̀lú àìsàn tó ṣe é tọ́jú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bọ́ nínú rẹ̀. Bí irú èrò yìí bá ń wá sí yín lọ́kàn, tàbí ẹnì kan nínú ilé ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má dá a gbé. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán lónìí. Bó bá ti di pàjáwìrì, ẹ pe 112, tàbí 615 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí kí ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì UCH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín."

"Ó jọ pé" yẹn kì í ṣe ojo. Ìwádìí ló ń sọ bóyá ènìyàn pa ara rẹ̀. Dókítà tó ń yẹ òkú wò wà, òfin náà sì fún adájọ́ tó ń wádìí ikú òjijì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ikú tí wọ́n pè ní ìpara-ẹni láàárọ̀ lè di ẹjọ́ ìpànìyàn ní ìrọ̀lẹ́.

Kò yẹ kí irú ìròyìn yìí ṣíwájú àkójọ. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín, kó má sì padà wá ní wákàtí-wákàtí. Kò sí fọ́tò ilé, kò sí fọ́tò òkú, kò sí èyí tí wọ́n yọ lórí Facebook olóògbé. Fídíò tó ń kiri lórí WhatsApp kò di ti gbogbo ayé nítorí pé ó ti dé ọwọ́ yín. Ìlànà iṣẹ́ ìròyìn tí àwọn oníròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí n'Ílọrin ní 1998 ti sọ pé pẹ̀lú àánú àti ọgbọ́n ni kí wọ́n máa fi súnmọ́ ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀, ó sì dáàbò bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Ti ètò tí olùgbọ́ ń pè wọlé sí nira ju ti ìròyìn kíkà lọ, torí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹni tó wà lórí ìlà máa sọ. Bó bá ń pe olóògbé ní ọ̀lẹ, ẹ gé e wẹ́rẹ́, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ má gé ìlà náà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Kí atọ́kùn fi orin tàbí ìpolówó sí i, kí ẹnì kan máa bá a sọ̀rọ̀ lọ lẹ́yìn ètò, kí ẹlòmíràn sì fi fóònù mìíràn pe 112. Ẹ bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ti ènìyàn sí i, ṣe ló máa ń tú ẹrù sílẹ̀. Ẹ béèrè ibi tó wà àti ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ní kó gbé ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe jìnnà, tàbí kó bọ́ síta lọ bá ènìyàn. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òfin, àti ìdí tí ẹbí fi ń sọ pé "ó ṣèèṣì ni"

Òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ti wà láti 1916. Abala 327 ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ jẹ̀bi, ó sì lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan gbára. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé irú òfin yìí wá fún wa ti pa tiwọn rẹ́ ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ghana yọ tiwọn kúrò ní 2023. Ní Kenya, ilé ẹjọ́ gíga dájọ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 pé irú òfin náà tako ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wa, òfin Èkó ti 2011 ṣì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, àmọ́ ilé ìwòsàn ló ní kí ilé ẹjọ́ fi ẹni náà ránṣẹ́ sí. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 ń tọ́jú ẹ̀tọ́ aláìsàn ọpọlọ, àmọ́ kò pa abala 327 rẹ́.

Ohun tí abala yìí ń bàjẹ́ jù kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ẹbí tó gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn láàárín òru á ní ó ṣèèṣì ni, nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá. Dókítà á wo ara, kò ní mọ̀ pé ọkàn ló ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ kẹta aláìsàn á padà sínú ilé kan náà, pẹ̀lú èrò kan náà, láìrí oníṣègùn ọpọlọ kankan. Bí ìròyìn bá tún ní "ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀", tó sì dárúkọ rẹ̀, ẹbí tó tún máa dé lọ́la á purọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìrànlọ́wọ́ dókítà láti kú

Láti òkè òkun ni ìròyìn yìí sábà máa ń wá. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà 2025, ilé aṣòfin ìsàlẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì dìbò 314 sí 291 pé kí àgbàlagbà tí kò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé mọ́, ní England àti Wales, lè gba oògùn tó máa fi parí ayé rẹ̀, bí dókítà méjì àti ìgbìmọ̀ kan bá gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àbá náà gbà dé ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà wọn; kò tíì di òfin nígbà náà. Bó bá máa fi débí, ó lè ti di "Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i kí ènìyàn máa pa ara wọn." Irọ́ ni, irọ́ tó léwu sì ni.

Nǹkan márùn-ún ni wọ́n máa ń dà pọ̀. Kí aláìsàn kọ ìtọ́jú: ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2001, nínú ẹjọ́ dókítà kan tó bọ̀wọ̀ fún aláìsàn tó ní òun ò gba ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń mí fún ẹni tí kò lè jí mọ́: ìyẹn náà kò jọ pípa á. Kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn ìrora tó tó, bíi mọ́fíìnì: ìtọ́jú ni. Ẹ̀kẹrin ni kí dókítà kọ oògùn, kí aláìsàn fọwọ́ ara rẹ̀ lò ó, bí wọ́n ti ń ṣe ní Oregon ní Amẹ́ríkà láti 1997. Ẹ̀karùn-ún ni kí dókítà fúnra rẹ̀ fún un, èyí tí òfin gbà ní Netherlands láti 2002. Méjì tó kẹ́yìn yìí nìkan ni àríyànjiyàn náà dá lé. Nàìjíríà kò gba ọ̀kankan nínú wọn: abala 326 ní ẹni tó bá ran ènìyàn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n gbére gbára, abala 299 sì ní bí ẹni tó kú bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, ìyẹn ò yọ ẹni tó pa á.

Òfin àwọn orílẹ̀-èdè yìí kò rí bákan náà. Oregon ní dandan kó jẹ́ pé oṣù mẹ́fà ló kù. Netherlands kò ka oṣù. Ìjìyà tí kò ṣe é fara dà tí kò sì ní àbáyọ ni wọ́n ń wò. Canada bẹ̀rẹ̀ ní 2016, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 2021 dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ikú rẹ̀ kò tíì sún mọ́, wọ́n sì sún ti ẹni tó jẹ́ pé àìsàn ọpọlọ nìkan ló ní sí oṣù Kẹta 2027. Ìròyìn tí kò bá sọ irú aláìsàn tí òfin náà kàn àti ọwọ́ tó ń fún un ní oògùn kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan.

Àwọn tó fẹ́ ẹ ní oníkálùkù ló ni ara rẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹni tó ń kú lọ fi gbọ́dọ̀ joró dé òpin. Àwọn tó kọ̀ ọ́ ní arúgbó àti abirùn lè máa rò pé àwọn ti di ẹrù. Níhìn-ín, láti àpò ẹbí ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ti ń jáde. Bí bàbá tó ní jẹjẹrẹ bá wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ n máa lọ, kí ẹ má tà ilẹ̀ yẹn tán nítorí mi," ṣé ikú ló ń tọrọ, àbí owó ni kò sí? Lójú tiwa, ìlú tí kò tíì lè fún bàbá yẹn ní oògùn ìrora láìta ilẹ̀ kò tíì tó ẹni tó ń jíròrò òfin yìí.

Ọ̀rọ̀ tí oníròyìn bá yàn náà ń gbèjà. "Ikú àánú" ti dájọ́ fún apá kan, "ìpànìyàn ọwọ́ dókítà" ti dájọ́ fún apá kejì. Ẹ lo "ìrànlọ́wọ́ dókítà láti kú", kí ẹ sọ ẹni tí òfin náà kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ká a pọ̀ mọ́ ìròyìn ẹni tó pa ara rẹ̀ ní àdúgbò. Ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú kò sí lójú ikú. Àìsàn rẹ̀ ṣe é wò.

Bí ẹ bá pe àlejò sí ètò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi mọ sí agbẹjọ́rò, pásítọ̀ àti àlùfáà. Ẹ pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́. UCH ní ẹ̀ka kan fún un. Aláìsàn tàbí ẹbí lè sọ fún dókítà tó ń tọ́jú wọn pé kó kọ ìwé ránṣẹ́ síbẹ̀. Kí wọ́n mú gbogbo oògùn tó ń lò dání, àti àkọsílẹ̀ ìgbà tí ìrora ń dé láàárín ọjọ́ àti bó ṣe pọ̀ tó láti òdo dé mẹ́wàá, kí ẹni tó ń sùn tì í lóru sì bá wọn lọ.